Omi Tí Mo Fi Fọ Bọ́ọ̀lù

Òyìnbó ṣẹ̀ṣẹ̀ ń fìdí múlẹ̀ ní Ìlọrin nígbà tí wọ́n fi mí sí ilé-ìwé. Tíṣà wa ní bọ́ọ̀lù kan tí oníṣẹ́-awọ rán fún un, òwú ló kún inú rẹ̀. Kì í ta dáadáa, ṣùgbọ́n kò sí ohun tí a fẹ́ràn tó bọ́ọ̀lù náà. Láràárọ̀, tíṣà á fi ṣọ́ọ̀kì kọ lẹ́tà yí i ká, á jù ú sí wa. Ibi tí àtàǹpàkò ọ̀tún ẹni bá bà, lẹ́tà ibẹ̀ lèèyàn á pè. Ẹni tó bá ṣì í pè á lọ dúró sí góòlù, a ó sì máa gbá a mọ́ ọn. Tó bá di Àlàmísì, ẹni tí kò ṣi ẹyọ kan ni yóò gbé bọ́ọ̀lù lọ sílé.

Olódo paraku ni mí, kí n má purọ́. Àmọ́ ní ọ̀sẹ̀ tí ibà dá àbúrò mi dúbúlẹ̀, mi ò ṣi ẹyọ kan.

Àfáà tó ń fún un ní hàntú, omi tí wọ́n fi fọ ọ̀rọ̀ Kùránì kúrò lára wàláà, ti rìnrìn-àjò, omi náà sì ti tán. Èmi náà ti mu ún rí, ara mi sì yá. Tíṣà sì ti sọ fún wa pé lẹ́tà wọ̀nyí ni òyìnbó fi gba ayé. Mo rò ó lọ, mo rò ó bọ̀: ṣé ohun tó gba ayé kò ní lè lé ibà ni?

Mo gbé bọ́ọ̀lù sínú igbá, mo da omi lé e, mo ń fọwọ́ ra á títí ṣọ́ọ̀kì fi tán lára rẹ̀. Omi náà funfun bí omi ògì. Ìyá mi wà lẹ́yìnkùlé. Mo gbé àbúrò mi jókòó.

“Kí ni?”

“Hàntú ni. Ṣe bisimilá, kóo mu ún.”

Ó mu ún tán. Ó ní, “Ẹ̀gbọ́n mi, ó ń rùn bí awọ.” Mo rẹ́rìn-ín. Ẹ̀rín yẹn ń dùn mí dòní.

Láàárọ̀ Jímọ̀, ó ń bì, èébì náà funfun. Kí wọ́n tó kírun Jímọ̀ tán, ó ti kú.

Nígbà tí mo padà sí kíláàsì, tíṣà bi mí pé ta ló fọ lẹ́tà òun dànù. Mo ní, “Òjò ni, sà.” Ọyẹ́ ń fẹ́ lójú ọ̀run. Ó wò mí títí, ó kọ lẹ́tà mìíràn, ó ju bọ́ọ̀lù sí mi. Mo kó ọwọ́ mi sẹ́yìn. Àyà ni bọ́ọ̀lù náà ti bà mí.

Bóyá ibà ló pa á, bóyá èmi ni, mi ò mọ̀. Mo ti darúgbó, bí àwọn ọmọdé bá ń gbá bọ́ọ̀lù lójúde, òórùn awọ tútù á bò mí, n óò wọlé.

Ìyá mi rí igbá òfìfo náà lẹ́gbẹ̀ẹ́ ẹní. Títí tó fi kú, bí mo bá kúnlẹ̀ kí i láàárọ̀, á gbé ọwọ́ lé mi lórí, á ní, “Ìwọ lo fún un lómi mu kẹ́yìn. Ọlọ́run ó san án fún ọ.”

Mo ń ṣe àmín.