Ilà Mẹ́rìnlá Lẹ́yìn Ilẹ̀kùn

Tẹ́ ẹ bá wá sílé wa, tẹ́ ẹ rí i pé ilé ìdáná mi kò nílẹ̀kùn, ẹ má wò mí bí ọ̀lẹ. Ọkọ mi ló tú u.

Bíríkìlà ni. Ọdún kẹrìndínlọ́gbọ̀n rèé tó ti ń bá kọngílá kan ṣoṣo ṣiṣẹ́. Bí wọ́n bá ti da kọnkéré dẹ́kìn, ìyẹn àjà ilé pẹ̀tẹ́ẹ̀sì, ṣọ́ọ̀kì ló fi máa ń fa ilà kan sẹ́yìn ilẹ̀kùn mi láràárọ̀. Tó bá pé mọ́kànlélógún, tí kọnkéré ti le dáadáa, á nù ún, á wá lọ tú pákó tó gbé dẹ́kìn ró. Mo jà títí, ó sú mi.

Dẹ́kìn ilé ìyá tíṣà kan ló sán. Ìyá náà pe kọngílá síwájú àwọn onílàjà mẹ́ta, tí ìhà méjèèjì gbà pé ohun tí wọ́n bá sọ labẹ gé. Ni kọngílá bá ní kí ọkọ mi wá jẹ́rìí pé ọjọ́ kọkànlélógún lòun tú pákó. Lọ́yà rẹ̀ kọ ìdáhùn sínú ìwé fún un. Tí ọkọ mi bá sọ ọ́ bẹ́ẹ̀, òun ni yóò ṣe ọ̀gá bíríkìlà níbi ilé ìwé tí wọ́n fẹ́ kọ́.

Èmi náà fẹ́ iṣẹ́ yẹn, kí n má parọ́. Ojoojúmọ́ tó bá ti dé, mo di lọ́yà. Màá gbé awò sójú, màá na síbí onígi sí i, màá bi í pé ọjọ́ mélòó. Á ní mọ́kànlélógún, á sì fa etí. Bó ṣe máa ń ṣe nìyẹn tó bá ń purọ́. Mo ní kó jókòó lé ọwọ́ rẹ̀. Ó jókòó lé e, ló bá bẹ̀rẹ̀ sí í fi èjìká wá etí kiri. Mo rẹ́rìn-ín títí omi bọ́ lójú mi. Mo fẹ́ràn ọkùnrin yìí jàre.

Nígbà tí mo lọ bu omi, mo ti ilẹ̀kùn, mo rí ilà ilé ìyá tíṣà. Mẹ́rìnlá péré, pẹ̀lú déètì lókè rẹ̀. Ọjọ́ kẹrìnlá ni kọngílá fẹ́ lo pákó níbòmíràn, tó sì ní kó tú u. Ó ti lé lọ́dún kan, ọkọ mi kò nù ún, torí kò pé. Mo rẹ àkísà sómi, mo gbé e sókè. Àṣé ó ti wà lẹ́yìn mi. Kò jágbe mọ́ mi.

"Ìyá wọn, mi ò kì í nu èyí tí kò pé."

Ọwọ́ mi wálẹ̀. Ojú tì mí gan-an.

Láàárọ̀ ọjọ́ ìjókòó, ó tú ilẹ̀kùn, ó fi aṣọ ibùsùn mi tuntun wé e, àwa méjèèjì gbé e lọ. Wọ́n bi í pé ọjọ́ mélòó. Ọwọ́ rẹ̀ wà lórí ilẹ̀kùn, kò fa etí.

"Mẹ́rìnlá. Wọ́n ní kí n tú u, èmi ni mo sì fọwọ́ mi tú u. Ìyá, ẹ má bínú."

Àwọn onílàjà gba ilẹ̀kùn mi pa mọ́ bí ẹ̀rí. Kọngílá kò pè é mọ́, oṣù méjì gbáko la fi jókòó sílé. Ìjẹta ni ìyá tíṣà ránṣẹ́ pé òun kò fẹ́ ẹlòmíràn, kó wá bá òun tún dẹ́kìn náà dà. Wọ́n dà á lánàá.

Láàárọ̀ yìí, ó dúró níwájú ògiri ìdáná tí mo ṣẹ̀ṣẹ̀ kùn, ó ń wò mí lójú. Èmi ni mo lọ mú ṣọ́ọ̀kì wá fún un.