Òkun Tí Wọ́n Gbà Lọ́wọ́ Mi

Wọ́n gba òkun lọ́wọ́ mi nítorí pé mo kí ìyá ìyá mi. Mi ò fi ọ̀rọ̀ dárà. Bó ṣe rí gan-an nìyẹn, mo sì fẹ́ kó wà lákọsílẹ̀, torí gbogbo ìgbà tí mo bá fẹnu sọ ọ́, àwọn èèyàn á rẹ́rìn-ín, wọ́n á ní, "Ọ̀rọ̀ ìgbà ọmọdé, kò tíì tán nínú rẹ?" Kò tíì tán.

Ní Tchaourou, nígbà tí ìjọba tiwa-n-tiwa ṣẹ̀ṣẹ̀ dé, tí gbogbo àgbà ń sọ "renouveau, renouveau", ìyẹn ìsọdọ̀tun, bí ẹni ń pe orúkọ ọmọ tuntun, ilé kan ṣoṣo ló ní télé, ẹ̀rọ amóhùnmáwòrán, ládùúgbò wa. Ilé tonton kan, bá a ṣe ń pe ọkùnrin tó tó bàbá ẹni, tó ń ṣiṣẹ́ ní ibùdó ọkọ̀ ojú irin ni. Bátìrì mọ́tò ló fi ń tan télé náà. Tó bá di ìrọ̀lẹ́, á gbé e sí ẹnu ọ̀nà, àwọn àgbà á gbé àpótí wá, àwa ọmọdé á jókòó sílẹ̀. Ibẹ̀ ni mo ti kọ́kọ́ rí òkun. Télé náà kò ní àwọ̀ ju dúdú àti funfun lọ, nítorí náà òkun tí mo mọ̀ rí bí eérú.

"Kò ní òdì kejì," ni ọmọbìnrin tá a jọ ń jókòó sórí bẹ́ǹṣì kan náà ní kíláàsì wí.

"Irọ́ ni. Odò Okpara ní òdì kejì."

"Ìwọ àti Okpara rẹ. Ṣé ọkọ̀ tó tóbi tó mọ́sálásí lè gba orí Okpara kọjá?"

Tonton dá sí i. "Ẹ̀yin ọmọ yìí, ẹ jẹ́ ká gbọ́ ìròyìn. Tẹ́ ẹ bá dé etí òkun, ẹ bi í léèrè."

Ìròyìn tó wí yẹn, láwọn ọjọ́ mìíràn, èdè wa ni wọ́n fi ń kà á. Olùkọ́ wa náà, tí gbogbo wa ń pè ní Maître, máa ń wá gbọ́ ọ. Ọmọ Ṣábẹ̀ ni, tonton a máa gbé àga tó dára jù fún un, èdè wa sì dùn lẹ́nu rẹ̀ débi pé òun ló máa ń pa gbogbo agbo lẹ́rìn-ín. Òun àti bàbá mi a máa bá ara wọn ṣàwàdà nípa ta ni iṣu rẹ̀ tóbi jù, ará Ṣábẹ̀ ni tàbí ará Tchaourou. Ẹ fi èyí sọ́kàn.

Tó bá di àárọ̀, ẹnu kan náà yẹn ò gbọ́ Nàgó, èdè wa yẹn, mọ́, àfi Faransé. Eegun ẹsẹ̀ màlúù kan wà ní kíláàsì wa tí wọ́n fi okùn so. Sìnyáàlì là ń pè é. Ẹni tó bá sọ èdè ilé nínú ọgbà ilé ẹ̀kọ́, ìbáà ṣe Nàgó, ìbáà ṣe Baatonu, ìbáà ṣe Fúlàní, á gbé e kọ́rùn, á sì máa dẹ etí kiri títí tí yóò fi mú ẹlòmíì tó ṣẹ̀. Ìgbà náà ló tó lè bọ́ ọ.

Lọ́dún tá a wà ní kíláàsì tó kẹ́yìn, dìrẹ́kítọ̀, ọ̀gá ilé ẹ̀kọ́ wa, ṣèlérí pé wọ́n á kó wa wọ ọkọ̀ ojú irin lọ wo òkun ní Kútọnu. Láti kékeré la ti ń rí ọkọ̀ yẹn tó ń la ìlú wa kọjá, tá à ń juwọ́ sí àwọn tó wà nínú rẹ̀. Ìyá ìyá mi, tó tọ́ mi dàgbà, ò rí òkun rí. Ó ní kí n bu omi rẹ̀ wá fún òun, kóun tọ́ ọ wò, kóun mọ̀ bóyá iyọ̀ wà níbẹ̀ lóòótọ́ tàbí àwọn ará ìsàlẹ̀ létí òkun ló ń purọ́. Ló bá di pé olùkọ́ wa fi òfin tirẹ̀ kún un: ẹni tí sìnyáàlì bá wà lọ́rùn rẹ̀ nígbà tí agogo ìparí bá lù lọ́jọ́ tó ṣáájú ìrìn àjò, kò ní lọ.

Lọ́jọ́ náà, ọrùn ọmọbìnrin bẹ́ǹṣì mi ni sìnyáàlì wà. Lákòókò eré, kò kúrò lẹ́gbẹ̀ẹ́ mi. Ó ń fi Faransé bá mi tàkúrọ̀sọ bí ọ̀rẹ́: ohun tá a wò ní télé, aṣọ tí màmá rẹ̀ rán fún un, ewúrẹ́ wọn tó jẹ ẹsẹ̀ bàtà ìyá rẹ̀ kan. Ó fẹ́ kí n rẹ́rìn-ín kí èdè ilé jábọ́ lẹ́nu mi. Faransé ni mo fi ń dá a lóhùn.

"O gbọ́n o," ló fi Faransé wí.

"Ìwọ ni mo fi jọ," ni mo fún un lésì.

Àwa méjèèjì rẹ́rìn-ín. Ìgbà náà ni mo rí ìyá ìyá mi tó ń bọ̀ láti ẹnu ọ̀nà ọgbà, tó mú ike òróró kékeré kan dání. Ó ti fi eérú àti iyanrìn fọ̀ ọ́ títí ó fi ń dán.

"Ọmọ mi, o gbàgbé èyí sílé. Ṣé ọwọ́ lo fẹ́ fi bu òkun wá ni?"

Mo kúnlẹ̀. "Ẹ kú ìrìn, Ìyá. Ẹ ṣeun."

Ẹ̀yin tẹ́ ẹ kàwé, ẹ sọ fún mi: Faransé wo ni wọ́n fi ń kúnlẹ̀ kí ìyá tí kò gbọ́ ọ? Orúnkún mi ò tíì kúrò nílẹ̀ tí okùn fi bọ́ sí mi lọ́rùn. Ọmọbìnrin náà kò wo ojú mi.

"Kí ni wọ́n so mọ́ ọ lọ́rùn yẹn?" ni ìyá ìyá mi bi mí. "Ṣé ẹ pa ẹran ni?"

Mo gba ike náà lọ́wọ́ rẹ̀, mo sáré padà sí kíláàsì. Láti ìgbà náà títí dìgbà tí agogo lù, kò sẹ́ni tó la ẹnu ní kíláàsì àfi kó jẹ́ olùkọ́, mi ò sì rí ẹni mú.

Bàbá mi ti oko ọ̀nà Kika bọ̀ lẹ́yìn ìrun Alásàrì, ó gbọ́ lọ́nà pé torí ìkíni ni mi ò fi ní lọ, ó sì yà wá sí ilé ẹ̀kọ́. Ó bá olùkọ́ àti dìrẹ́kítọ̀ níwájú kíláàsì. Ó ṣí fìlà.

"Maître, ẹ má bínú. Àgbà ló wá, ọmọ sì kí i. Ká ní kò kí i ni, èmi fúnra mi ni ǹ bá nà án."

Olùkọ́ wa wò ó bí ẹni tí kò rí i rí. Ó yíjú sí mi, ó sì fi Faransé sọ pé kí n túmọ̀ ohun tí bàbá mi wí fún òun, kí n sì sọ fún bàbá mi pé òfin ni òfin. Inú ọgbà ilé ẹ̀kọ́ la wà. Sìnyáàlì wà lọ́rùn mi. Tí mo bá sọ Nàgó, mo tún ṣẹ̀ lójú rẹ̀ nìyẹn. Tí mo bá sọ Faransé, bàbá mi ò ní gbọ́.

"Kí ni wọ́n wí?" ni bàbá mi bi mí.

Mo dákẹ́.

"Ìwọ, mo ní kí ni Maître wí?"

Mo dákẹ́. Olùkọ́ káwọ́ gbera, ó ń retí, òun tó gbọ́ èdè méjèèjì. Dìrẹ́kítọ̀ ń wo aago ọwọ́ rẹ̀. Bàbá mi wò mí títí, ó wá mi orí. Ó ní, "Ohun kan wà tí ọmọ yìí ṣe tí kò lè sọ." Ó sì dọ̀bálẹ̀ fún ọkùnrin tí kò tó àbúrò rẹ̀, ó tọrọ àforíjì ẹ̀ṣẹ̀ tí ẹnikẹ́ni ò dá.

Nílé, mo ṣàlàyé fún un tẹkúntẹkún. Ó ní, "Ọkùnrin yẹn gbọ́ Nàgó jù mí lọ. Kò lè jẹ́ nítorí ìkíni." Kò gbà mí gbọ́ lọ́jọ́ náà. Títí dòní, tí ọ̀rọ̀ bá débẹ̀, á ní, "Ìwọ nìkan lo mọ ohun tó o ṣe."

Láàárọ̀ ọjọ́ kejì, èmi àti ìyá ìyá mi dúró ní ẹ̀bá ojú irin. Ó na ike náà sí ọmọbìnrin bẹ́ǹṣì mi lójú fèrèsé ọkọ̀. Ọmọ náà gbà á, ó sì bu omi bọ̀ lóòótọ́. Ìyá ìyá mi tọ́ ọ wò. "Iyọ̀ ni," ló wí, ó nà án sí mi. Mi ò lè tọ́ ọ.

Ìgbà tí mo wọ yunifásítì ni mo tó fojú mi rí òkun. Kò jọ eérú rárá. Ìyá ìyá mi ti kú nígbà náà, mi ò mọ ẹni tí mo lè sọ fún. Nínú gbọ̀ngàn ìkẹ́kọ̀ọ́, wọ́n ní èdè abínibí ni ìpìlẹ̀ ìmọ̀. Mo kọ ọ́ sílẹ̀.

Nítorí náà, mo ń béèrè. Olùkọ́ mi, mo gbọ́ pé ẹ ti fẹ̀yìn tì sí Ṣábẹ̀. Gbogbo ohun tí bàbá mi wí lọ́jọ́ náà lẹ gbọ́. Kí ló dé tẹ́ ẹ fi ní kí n túmọ̀ rẹ̀? Dìrẹ́kítọ̀, kí lẹ ń wò lára aago? Ẹ̀yin tẹ́ ẹ̀ ń ṣàkóso ilé ẹ̀kọ́ nígbà náà, èdè tó yẹ fún ìròyìn lálẹ́, ta ló sọ ọ́ di ẹ̀ṣẹ̀ láàárọ̀? Bàbá mi ṣì wà ní Tchaourou, ó ṣì gbà pé mo jẹ̀bi. Ẹ lọ bá a, kí ẹ sọ ohun tó ṣẹlẹ̀ fún un. Ẹ fi Nàgó sọ ọ́.