Ọmọ Tí Ìyá Mi Ní Òun Mọ̀

Ìyá mi kì í sọ pé òun kò mọ ènìyàn. Ọmọ Ìlọrin tó dàgbà sí Minna ni. Lójú tirẹ̀, àfojúdi ni kí wọ́n fi ẹnìkan hàn ọ́ kí o ní o kò mọ̀ ọ́n. Bí o bá fún un láyè díẹ̀, yóò wá ibi tí ẹ ti tan. Ìwà yìí ló sọ àbúrò mi ọkùnrin di olójú kan.

Àbúrò mi ló ń ṣáájú àwọn ará Tayi Village kan ní Minna tí àwọn alágbára fẹ́ gba ilẹ̀ wọn. Wọ́n halẹ̀ mọ́ ọn títí, kò gbọ́. Ni ọmọbìnrin kan bá yọjú lórí fóònù gbogbo ènìyàn, pẹ̀lú hìjáàbù àti ilà wẹ́wẹ́ lẹ́rẹ̀kẹ́, ó ń sunkún. Ó ní àbúrò mi ti gbowó ilẹ̀ náà sápò, ó sì fún òun lóyún, ó lé òun síta. Kò sẹ́ni tó bí ọmọ yìí. Kọ̀ǹpútà ni wọ́n fi ṣe ojú rẹ̀, ohùn rẹ̀, títí kan omijé. A kò tíì mọ̀ nígbà náà.

Láàárọ̀ ọjọ́ kan, aládùúgbò wa gbé fóònù fún ìyá mi. Ó wò ó pẹ́.

"Ilà ilé wa nìyí," ó ní. "Ọmọ ẹ̀gbọ́n mi tó kó lọ sí Kontagora ni. Ọmọ ọ̀hún ti dàgbà o. Ọlọ́hun á bá a nu omijé ẹ̀."

Bí ìyá ọkùnrin náà bá mọ ọmọbìnrin náà, ta ló tún kù tí yóò jiyàn? Kí a tó kírun Àsárì, ọ̀rọ̀ ti dé Tunga, àdúgbò tí mo ti ń tajà.

Iwájú ṣọ́ọ̀bù tí mo ti ń ta bàtà ni wọ́n ká àbúrò mi mọ́. Àwọn tí à ń kí láràárọ̀ ni. Ẹnìkan ń fi Haúsá pè é ní olè, "barawo", òmíràn gbé irin. Wọ́n là á mọ́ ọn lórí, wọ́n tẹ̀ ẹ́ lọ́rùn mọ́lẹ̀, ó ń pè mí ní ẹ̀gbọ́n. Mo dà bò ó. Mo gbọ́ nígbà tí egungun apá mi ṣẹ́. Mo bu ọ̀kan nínú wọn jẹ títí ẹ̀jẹ̀ fi kún ẹnu mi, mo sì lè tún un ṣe lónìí. Irin náà ti bá ojú òsì àbúrò mi.

Lẹ́yìn náà, ọ̀rẹ́ mi kan ní Gidan Kwano fi fídíò kan hàn wá, ojú ọmọbìnrin náà ni lábẹ́ orúkọ mìíràn, tó ń sun ẹkún kan náà, tó ń ba ajàfẹ́tọ̀ọ́ mìíràn jẹ́ ní ìlú mìíràn. Mo gbé fídíò náà kiri Tunga. Wọ́n ní àwọn ń tajà. Òtítọ́ dọ́jà, ó kùtà.

Ọjọ́ tí àbúrò mi ti ilé ìwòsàn dé, ìyá mi kúnlẹ̀ fún ọmọ tó bí. Inú ń bí mi sí i, síbẹ̀ n kò lè wò ó.

"Ẹ dìde, Ìyá," àbúrò mi ní. "A jọ jẹun lọ́sàn-án ọjọ́ yẹn. Ẹ ò bi mí."

Kò dìde.