Nígbà Tí Àwọn Orin Mi Lọ Sílé Ọkọ

Ẹrù tí mo gbé wọ ilé ọkọ kò pọ̀. Aṣọ, ìkòkò tí màmá mi rà fún mi, àti láptọ́ọ̀pù àtijọ́ kan tí igun rẹ̀ ti fọ́, tí gbogbo orin tí mo fi ń jẹun wà nínú rẹ̀. Aṣọ àti ìkòkò tètè rí àyè. Àwọn orin ni kò tètè rí ibùsùn.

DJ ni mí. Ìdànrè ni wọ́n bí mi sí, ibẹ̀ náà ni mo ti kọ́ṣẹ́, níbi ìgbéyàwó, ìsìnkú àgbà àti ọjọ́ ìkórè ní ṣọ́ọ̀ṣì. Ọmọ Owena ni ọkọ mi, DJ lòun náà. Kí a tó fẹ́ra, ńṣe la jọ ń du iṣẹ́. Bí wọ́n bá pè é síbi kan, inú mi á bàjẹ́. Bí wọ́n bá pè mí, á ní ojú mi ni wọ́n ń wò, wọn ò gbọ́ orin. Lọ́jọ́ kan jẹnẹrétọ̀ rẹ̀ kú mọ́ ọn lọ́wọ́ níbi òde kan ní ìlú Aládé, mo sì yá a ní tèmi. Ibẹ̀ lọ̀rọ̀ wa ti bẹ̀rẹ̀. A kì í pe ara wa lórúkọ. "DJ" ló ń pè mí, "DJ" lèmi náà ń pè é, títí dòní.

Lẹ́yìn ìgbéyàwó, a pinnu láti da iṣẹ́ pọ̀. Ìṣòro tó wà níbẹ̀ ni pé sọ́fíwíà, ìyẹn ètò inú kọ̀ǹpútà tí mo fi ń ṣeré, yàtọ̀ sí tirẹ̀. Ẹni tí kò mọ iṣẹ́ wa lè rò pé kéèyàn ṣáà da orin láti inú ẹ̀rọ kan sínú èkejì bí ìgbà tí wọ́n ń da gàrí. Kò rí bẹ́ẹ̀. Orin fúnra rẹ̀ kò ṣòroó kó. Ohun tó ṣòro ni gbogbo nǹkan tí èèyàn ti kọ sára orin ọ̀hún láti ọdún pípẹ́: àkójọ tí mo pín wọn sí, àmì tí mo fi sí ibi tí ìlù ti ń wọlé, àwọ̀ pupa fún ibi tí àwọn èèyàn ti máa ń pariwo, àwọ̀ ewé fún ibi tí mo ti lè yọ́ bọ́ sínú orin mìíràn. Mo ní àkójọ kan tí mo pè ní "Ìyàwó Ń Bọ̀". Òmíràn ń jẹ́ "Àwọn Àgbà Ti Jẹun Tán". Sọ́fíwíà kan kì í sì í lè ka ohun tí èkejì kọ, àfi tí wọ́n bá rí ògbufọ̀.

Ọkọ mi ní, "Tìẹ ni ká kó wá sínú tèmi. Láptọ́ọ̀pù ẹ ti darúgbó. Téèyàn bá tàn án, á kọ́kọ́ wúkọ́ ná."

"Kí ló dé tí kì í fi í ṣe tìẹ ló máa wá sínú tèmi?"

"Nítorí àwọn tó ṣe tèmi ṣì ń tún un ṣe. Àwọn tó ṣe tìẹ ti gbàgbé ẹ."

Òótọ́ ló sọ. Mo kàn fẹ́ kó bẹ̀ mí díẹ̀ ni. Ó bẹ̀ mí, mo gbà.

Òjò ń rọ̀ láàárọ̀ ọjọ́ tí a ṣe é, ìkùukùu ti bo orí òkè, kò sẹ́ni tó ń jáde. Ó wá sọ́fíwíà kékeré kan lórí íńtánẹ́ẹ̀tì, èyí tó máa ṣe ògbufọ̀ náà, ó ní, "Kó o tó dín ẹyin tán, á ti parí." Mo dín ẹyin, a jẹ ẹ́, mo fọ abọ́, nǹkan náà ṣì ń rìn bí ìgbín. Ọ̀sán ti pọ́n kó tó sọ pé òun ti parí.

A ṣí i. Gbogbo àkójọ mi wà níbẹ̀! Mo fò sókè. Mo tẹ orin àkọ́kọ́, kò fọhùn. Mo tẹ èkejì, kò fọhùn. Àmì pupa wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ gbogbo wọn pé a kò rí wọn. 

"Fara balẹ̀, DJ," ni ọkọ mi wí. "Orúkọ wọn ló kó wá, àwọn fúnra wọn ṣì wà níbi tí wọ́n ń gbé tẹ́lẹ̀. Bí ìgbà tí wọ́n kó orúkọ àwọn ọmọ lọ sílé ìwé tuntun ni, tí ẹnikẹ́ni ò sọ fáwọn ọmọ." Ó da gbogbo orin mi sínú láptọ́ọ̀pù tirẹ̀, ó fi ibi tó kó wọn sí han sọ́fíwíà náà, àwọn àmì pupa sì ń parẹ́ níkọ̀ọ̀kan.

Ìgbà náà ni mo tó rí ìṣòro kejì. Olùkọ́ Yorùbá ni bàbá mi kó tó fẹ̀yìn tì, kò sì gbà kí n kọ orúkọ orin láìfi àmì sí i. Gbogbo orúkọ tí mo ti fi sùúrù kọ, pẹ̀lú àmì ohùn lórí àti àmì nísàlẹ̀, ti bàjẹ́. Ibi tí "ọ" bá wà, àmì ìbéèrè ló jókòó síbẹ̀.

Mo ní, "Wò ó, gbogbo orin Yorùbá mi ti di ìbéèrè!"

Ọkọ mi rẹ́rìn-ín títí ó fi dùbúlẹ̀ sílẹ̀. Mi ò fẹ́ rẹ́rìn-ín, ṣùgbọ́n nígbà tó fẹ́ ka ọ̀kan síta bó ṣe wà níbẹ̀, ẹ̀rín gbé èmi náà.

Àwọn àmì tí mo fi síbi tí ìlù ti ń wọlé náà ti sún díẹ̀. Kò tó ìṣẹ́jú àáyá kan, ṣùgbọ́n etí DJ ń gbọ́ ọ, bí ijó ẹni tí ẹsẹ̀ rẹ̀ kan ń pẹ́ẹ́ balẹ̀. Iṣẹ́ sì wà nílẹ̀ fún wa ní Sátidé yẹn. Mo ní ká tún gbé láptọ́ọ̀pù àtijọ́ lọ. Ọkọ mi kọ̀, ó ní tí a bá pa dà lẹ́ẹ̀kan, a ò ní í kó kúrò níbẹ̀ mọ́.

Ìṣílé ni iṣẹ́ náà, ní Aládé. Ọ̀dọ́mọkùnrin ni bàbá tó nilé nígbà tó wá láti ìhà Ọ̀ṣun, tó ń ṣe lébìrà nínú oko kòkó olóko. Ọdún gorí ọdún, òun náà wá kọ́lé tirẹ̀. Ọ̀sán ni a bẹ̀rẹ̀ eré, ó sì ń lọ dáadáa. Ibi tí àmì bá ti pẹ́, mo ń fi ọwọ́ mú ìlù méjèèjì bára mu.

Bàbá wá bá mi nídìí ẹ̀rọ. "Ọmọ mi, orin kan wà tí wọ́n máa ń gbé sórí rédíò nígbà tí èmi àti ìyá yìí ṣì ń gbé nínú ahéré. Ti ẹni tó lọ sóko tí kò gbàgbé ilé. Ṣé o ní i?"

"Mo ní i, sà."

Mo ní i lóòótọ́. Mo kọ orúkọ rẹ̀ sínú ẹ̀rọ, kò jáde. Mo tún un kọ, kò jáde.

"DJ, kí ló dé?" lọkọ mi bi mí.

"Orin Bàbá ti wà láàárín àwọn ìbéèrè."

Mo fi hẹ́dífóònù sí etí, mo ń tọ́ wọn wò níkọ̀ọ̀kan. Ibi tí mo ti ń wá a, orin tó wà lórí sípíkà parí. Kẹ́kẹ́ pa. Kò sóhun tí DJ ń bẹ̀rù tó ìyẹn. Kí n tó mọ ohun tí màá ṣe, ọkọ mi ti gbé máìkì fún ìyàwó Bàbá, ó dọ̀bálẹ̀ fún un, ó ní, "Ẹ jọ̀ọ́ mà, ẹ rán wa létí bó ṣe ń lọ."

Ṣọ́ọ̀ṣì aláṣọ funfun ni Màmá ń lọ, ẹgbẹ́ akọrin ló sì wà níbẹ̀. Kò janpata. Ó dìde, ó dá orin náà. Bàbá gbè é láti ibi tó dúró sí. Àwọn obìnrin bẹ̀rẹ̀ sí í pàtẹ́wọ́, ẹnì kan ń lu ẹ̀yìn àga oníke. Ibẹ̀ ni mo rí orin náà. Inú mi dùn, mo gbé e sókè díẹ̀díẹ̀ sábẹ́ ohùn Màmá. Kàkà kí wọ́n bára mu, ohùn tinú ẹ̀rọ ga ju tirẹ̀ lọ, àfi bí ẹni méjì tó ń fa aṣọ kan ya.

Màmá ò wẹ̀yìn. Ó kàn na ìka kan sókè, ó ní sínú máìkì, "Ọmọ mi, pa tìẹ ná."

Gbogbo ilé rẹ́rìn-ín. Mo pa tèmi. Ó kọ ọ́ dópin, wọ́n sì ní kó tún un kọ.

Nígbà tí a ń bọ̀ nínú takisí, ọkọ mi fi íápíìsì sí mi létí. Láìsọ fún mi, ó ti gba ohùn Màmá sílẹ̀ sínú láptọ́ọ̀pù.

Ọ̀sẹ̀ tó tẹ̀ lé e, a jókòó ti àwọn orúkọ náà lọ́sàn-án. Bàbá mi gbọ́ nípa rẹ̀, ó wá, ó wọ gíláàsì rẹ̀, ó ń pe àmì fún wa bí ẹni tó wà ní kíláàsì: "Dò! Mo ní dò!" A wá rí i pé ọ̀pọ̀ orin ló di ìbejì, nítorí èmi ní i, ọkọ mi náà ní i.

"Èwo la máa pa rẹ́?" ló bi mí.

"Tìẹ."

"Kí ni tèmi ṣe?"

"O ti pariwo orúkọ ara ẹ sáàárín gbogbo wọn."

Bàbá mi rẹ́rìn-ín débi pé ó fẹ́rẹ̀ẹ́ já bọ́ lórí àga. A fi ọ̀kan sílẹ̀ fún ọkọ mi, kó má baà sunkún.

Lẹ́yìn náà a lọ sí Aládé láti lọ fi orin Màmá hàn án. Ó wà ní fàràńdà. Ó bi wá pé orúkọ wo ni a sọ orin òun.

Ọkọ mi ní, "'Orin Màmá' la pè é, mà."

"Rárá o. Ẹ kọ 'A Ti Délé'."

Mo kọ ọ́ níṣojú rẹ̀, pẹ̀lú àmì, a sì tẹ̀ ẹ́. Ohùn rẹ̀ gba fàràńdà kan. Bàbá jáde láti inú yàrá, ó ń sọ pé, "Ta lò ń kọrin fún lọ́sàn-án yìí?" Ó rí ìyàwó rẹ̀ tó jókòó, tó panu mọ́. Ó wò ó, ó wo sípíkà, ó tún wò ó. Lẹ́yìn náà ó fara ti férémù ilẹ̀kùn, ó sì bẹ̀rẹ̀ sí í gbè é.