Aṣọ Funfun Ló Kọ́kọ́ Hàn

Òórùn òrí ni yàrá náà máa ń rùn. Títí di òní, bí mo bá gba ẹ̀gbẹ́ agboolé àtijọ́ kan kọjá, tí afẹ́fẹ́ sì gbé òórùn òrí pàdé mi, kọ̀ǹpútà ni ó máa ń wá sí mi lọ́kàn. Ó lè yà ọ́ lẹ́nu. Ṣùgbọ́n yàrá tí a ti kọ́ kọ̀ǹpútà ní Èjìgbò, nígbà tí ọ̀rúndún tó kọjá ń lọ sópin, ibi ìpamọ́ òrí ni tẹ́lẹ̀. Ìyá tó ni ilé náà ti fi ọ̀pọ̀ ọdún tà á, ògiri ibẹ̀ sì ti mu ún yó. Bí ẹ̀rọ bá ti ń gbóná, òórùn inú ògiri a jí, a sì dàpọ̀ mọ́ ti eruku àti wáyà gbígbóná, débi pé bí a bá délé, àwọn ará ilé a máa béèrè bóyá iṣẹ́ kọ̀ǹpútà ni a lọ kọ́ lóòótọ́ tàbí a lọ fi òrí para.

Akọ̀wé ni mí nígbà náà, níbi tí wọ́n ti ń wọn kòkó àti àgbàdo ní Isundunrin. Ìrọ̀lẹ́ ni mo máa ń gun kẹ̀kẹ́ wá sí kíláàsì àwọn àgbà. Olùkọ́ wa ti gbé Àbíjàn pẹ́ kí wọ́n tó padà wálé, nítorí náà Músíyè, bí àwọn elédè Faransé ti ń pe ọ̀gá, ni gbogbo wa ń pè wọ́n. Àwọn fúnra wọn ni wọ́n to kọ̀ǹpútà wa pọ̀. Wọ́n ra àpótí rẹ̀ lọ́tọ̀, wọ́n ra pátákó inú rẹ̀ lọ́tọ̀, wọ́n gba sìkíríìnì lọ́wọ́ ẹlòmíràn, wọ́n wá fi aṣọ wé gbogbo rẹ̀, wọ́n sì gbé e wálé nínú ọkọ̀ akérò. Ẹ̀gbẹ́ kan àpótí náà kò ní ìdérí, a sì máa ń wo ìfun rẹ̀ bí ó ti ń ṣiṣẹ́. Òun nìkan ṣoṣo ni a ní. Ẹni tí ó sábà ń jókòó tì mí ni mẹkáníìkì kan, tí ó máa ń ti ìdí ọkọ̀ bọ̀ tààrà, tí yóò sì fọ ọwọ́ rẹ̀ títí kí ó tó fọwọ́ kan kíbọ́ọ̀dù. Òun ni ó sọ mí ní Akọ̀wé Ẹ-Dúró, nítorí pé ọ̀rọ̀ yẹn ni mo ń sọ jù lọ bí àwọn yòókù bá ti fẹ́ tẹ nǹkan tí a kò tíì rò dáadáa.

Ìyá onílé jẹ́ olóòṣà Ògìyán, aṣọ funfun kì í sì í tán lára wọn. Wọ́n máa ń gbé àpótí ìjókòó sí ẹnu ọ̀nà, wọn a máa wò wá bí ẹni ń wo àwọn ọmọ tí ń ṣeré nínú iyanrìn. Ní ọ̀sán Sátidé kan, wọ́n wọlé tọ̀ wá wá. Wọ́n tú etí ìró wọn, wọ́n sì mú dísíìkì dúdú pẹlẹbẹ kan jáde.

“Ìyá mi wà nínú eléyìí,” wọ́n wí. “Wọ́n ní èmi náà wà níbẹ̀.”

A ní kí wọ́n jókòó kí wọ́n ṣàlàyé. Ìyá wọn ti kú nígbà tí àwọn ṣẹ̀ṣẹ̀ ń rìn. Àwòrán kan ṣoṣo ni ìyá náà yà láyé, ẹ̀gbọ́n wọn ọkùnrin sì mú un lọ sí Àbíjàn nígbà tí ó ń lọ wá iṣẹ́ ṣe níbẹ̀. Ìyá onílé kò fi ojú kan àwòrán náà rí láti ìgbà tí wọ́n ti gbọ́njú; ohun tí ẹ̀gbọ́n wọn sọ fún wọn ni wọ́n mọ̀, pé àwọn dúró lẹ́gbẹ̀ẹ́ ìyá wọn, àwọn sì di aṣọ rẹ̀ mú. Ẹ̀gbọ́n náà ti darúgbó, kò sì gbà kí àwòrán gbígbó bẹ́ẹ̀ gba ẹnubodè mẹ́rin kọjá nínú ẹrù onímọ́tò. Ọmọ rẹ̀ tó ń ṣiṣẹ́ ní ilé ìtẹ̀wé ló ṣe ẹ̀dà rẹ̀ sínú dísíìkì, tí ó sì fi rán awakọ̀.

“Ojú mi ti ń ṣú,” ni wọ́n fi parí rẹ̀. “Ẹ jẹ́ kí n rí i kí ó tó ṣú tán.”

Músíyè ki dísíìkì bọnú ẹ̀rọ. Ó kùn, ó tún kùn, àwòrán sì bẹ̀rẹ̀ sí í sọ̀ kalẹ̀ láti òkè sìkíríìnì, ìlà kan tẹ̀ lé ìlà kan, bí ẹni ń rọra fa aṣọ ojú fèrèsé wálẹ̀. Aṣọ funfun ló kọ́kọ́ hàn. Ó funfun lóòótọ́, ìró àti gèlè, ó ń tàn. Ṣùgbọ́n láàárín gèlè àti ọrùn aṣọ, ibi tí ó yẹ kí ojú wà, dúdú lásán ni. Kò sí imú, kò sí ẹnu. Ẹ̀gbẹ́ ìró náà, dúdú ni. Ó dà bí ẹni pé wọ́n sá aṣọ sórí okùn ní òru.

Ìyá onílé sún mọ́ ọn, wọ́n sún sẹ́yìn, wọ́n tún sún mọ́ ọn.

“Mo rí aṣọ,” wọ́n wí. “Ẹni tó wọ̀ ọ́ dà?” Wọ́n fi ìka kan ẹ̀gbẹ́ ìró náà. “Èmi ńkọ́?”

Mẹkáníìkì ní sìkíríìnì ni ó ti gbó. Ó yí bọ́tìnnì ìmọ́lẹ̀ rẹ̀ sókè títí aṣọ funfun náà fi ń gún wa lójú, síbẹ̀ dúdú kò kúrò ní dúdú. Músíyè ní ó lè jẹ́ pé dísíìkì ni ó bàjẹ́ lọ́nà. Mo ní, “Ẹ dúró. Ẹ jẹ́ ká wo àwòrán mìíràn tí kò ti Àbíjàn wá.” A ṣí àwòrán òdòdó kan tó bá ẹ̀rọ wá. Òdòdó náà rí wúruwùru, bí ìgbà tí wọ́n fi àwọ̀ mélòó kan péré lẹ̀ ẹ́ pọ̀. Nígbà náà ni a mọ̀ pé dísíìkì ìyá kò ní ẹ̀bi. Ẹ̀rọ wa ni kò ní àwọ̀ tó. Funfun rẹ̀ wà, dúdú rẹ̀ wà, ṣùgbọ́n ohun tó wà láàárín méjèèjì kò tó nǹkan. Láàárín ibẹ̀ gan-an ni ojú ènìyàn dúdú ń gbé. Ọ̀rọ̀ yẹn gbà mí lọ́kàn. N kò tíì ronú rẹ̀ rí pé a lè rí aṣọ ènìyàn kedere kí a má rí òun fúnra rẹ̀.

Músíyè ṣàlàyé fún wa pé inú pátákó ńlá ẹ̀rọ náà ni wọ́n kọ́ apá tó ń yàwòrán sí, kì í ṣe pé ó dá dúró. Ẹ̀rọ kò mọ̀ ọ́n. Ìdí nìyẹn tí gbogbo nǹkan fi ń rọra sọ̀ kalẹ̀ bẹ́ẹ̀. Dísíìkì kan wà tó yẹ kí a fi mú ẹ̀rọ àti apá náà mọ ara wọn. Wọ́n wá a jáde láti inú ẹrù wọn, wọ́n fi sí i, wọ́n sì pa ẹ̀rọ kí wọ́n tún un tàn. Ó ka ohun tí ó máa ń kà, ó tàn yẹ̀rì, lẹ́yìn náà sìkíríìnì ṣókùnkùn pátápátá.

Ìyá onílé dìde. “Ẹ ti pa á?”

“Rárá, Màámá. Doucement, ẹ fara balẹ̀,” ni Músíyè wí. Wọ́n tan ẹ̀rọ ní ọ̀nà ìrọ̀rùn tí ó fi ń jí bí nǹkan bá bàjẹ́, wọ́n yọ ohun tí wọ́n fi sí i, a sì padà sí aṣọ tí kò ní ènìyàn nínú. Wọ́n nu ojú wọn. “Ẹ jẹ́ ká fi mọ bẹ́ẹ̀. Òun nìkan ni mo gbé wálé. Bó bá kú, kíláàsì kú.”

Ìyá onílé kò jiyàn. Wọ́n kàn na ọwọ́ sí dísíìkì wọn. Bí wọ́n ti na ọwọ́ yẹn ni n kò lè fara dà.

“Ẹ dúró,” mo wí.

Mẹkáníìkì rẹ́rìn-ín. “Ó ti dé!”

Mo bẹ Músíyè pé kí wọ́n kàn pa ẹ̀rọ kí wọ́n sì tún un tàn, kí a má fọwọ́ kan ohunkóhun, nítorí mo fẹ́ wo iye mẹ́mọ́rì tí ó máa ń kà nígbà tó bá ń jí. Wọ́n ti kọ́ wa ní ọ̀sẹ̀ kan pé apá ayàwòrán irú pátákó yìí kò ní mẹ́mọ́rì ti ara rẹ̀. Inú ti gbogbo ẹ̀rọ ni ó ti ń bù. Èmi tí mò ń wọn àgbàdo, ohun tí mo mọ̀ ni pé bí ènìyàn bá ń bù nínú àpò, àpò gbọ́dọ̀ dín. Ẹ̀rọ tàn, ó sì kà. Mo fi iye náà wé ohun tí Músíyè sọ pé àwọn fi sínú rẹ̀. Ó fẹ́rẹ̀ẹ́ pé pérépéré.

“Ó pé jù,” mo wí.

“Báwo ni nǹkan ṣe ń pé jù?” ni mẹkáníìkì bi mí.

“Ẹni tí a ní kó ya ojú ènìyàn, ẹ̀kúnwọ́ kan ni wọ́n bù fún un. Ẹ sì ní kó dáná fún àlejò.”

Músíyè wò mí, wọ́n wo sìkíríìnì, wọ́n sì pa àtẹ́wọ́. “Voilà! Òun nìyẹn!” Ojú ewé kan wà tí ẹ̀rọ máa ń fi hàn kí ó tó jí tán, níbi tí a ti lè pàṣẹ iye tí yóò bù. Wọn kò fẹ́ràn ibẹ̀. Wọ́n ní àṣìṣe níbẹ̀ lè mú kí ẹ̀rọ kọ̀ jálẹ̀ láti jí, bó bá sì jí, ìwé títẹ̀ yóò falẹ̀, torí ohun tí a bù fún àwòrán, ara iṣẹ́ yòókù ni a ti mú un.

“Ta ní ń sáré tẹ̀wé níbí, Músíyè?” ni mẹkáníìkì dá wọn lóhùn. “Akọ̀wé Ẹ-Dúró?”

Ìyá onílé kò gbọ́ ìdajì ohun tí a ń sọ, ṣùgbọ́n wọ́n gbọ́ pé nǹkan lè bàjẹ́. “Bí ó bá máa ba iṣẹ́ yín jẹ́, ẹ fi sílẹ̀, ọmọ mi.” Bóyá ọ̀rọ̀ yẹn ló mú kí Músíyè fa àga mọ́ra. Wọ́n wọ ojú ewé náà. Wọ́n sún iye náà sókè ní ìpele kan, wọn kò fọwọ́ kan òmíràn. Wọ́n tún fi dísíìkì tó ń mú wọn mọ ara wọn sí i. A tàn án. Iye tí ó kà dín, inú mi sì dùn sí dídín rẹ̀ bí ẹni pé ó lé. Sìkíríìnì ṣókùnkùn díẹ̀, ó sì là.

Lọ́tẹ̀ yìí àwòrán kò sọ̀ kalẹ̀ mọ́. Ó kàn wà níbẹ̀ ni. Abẹ́ gèlè náà, obìnrin kan ń wò wá. Àbàjà wà ní ẹ̀rẹ̀kẹ́ rẹ̀, ó sì pa ètè dé bí ẹni tí wọ́n ní kó má rẹ́rìn-ín. Ní ẹ̀gbẹ́ ìró, nínú ibi tí ó jẹ́ dúdú lásán tẹ́lẹ̀, ìdajì orí ọmọdé kan yọ, pẹ̀lú ọwọ́ kékeré kan tó di aṣọ náà mú ṣinṣin.

Ìyá onílé, àgbàlagbà tí gbogbo àdúgbò ń kúnlẹ̀ kí, mú orúnkún wọn méjèèjì kanlẹ̀ níwájú kọ̀ǹpútà.

“Ìyá mi,” wọ́n wí, “ẹ kú ọjọ́ mẹ́ta.”

Mẹkáníìkì yí ojú sí ògiri. Nígbà tó pẹ́, ìyá gbé ọwọ́ sókè, wọ́n fi kan ibi tí ọwọ́ ọmọ náà wà lórí gíláàsì, ó sì ta wọ́n lọ́wọ́ pátí bí sìkíríìnì ìgbà náà ti máa ń ṣe. Wọn kò fa ọwọ́ sẹ́yìn. “Mo dì wọ́n mú o,” ni wọ́n ń sọ, kì í ṣe fún wa. “Mo dì wọ́n mú lóòótọ́.”

Láti ọjọ́ náà ni ìwé títẹ̀ ti falẹ̀ ní kíláàsì wa. A ó tẹ lẹ́tà kan, a ó dúró kí ó tó yọ. Kò sí ẹni tó ní kí a dá iye náà padà sí bó ti wà, nítorí pé ní gbogbo Sátidé ni ìyá ń wá kí ìyá wọn, títí ojú wọn fi ṣú tán. Mo wọn ẹrù fún ọ̀pọ̀ ọdún lẹ́yìn náà, iṣẹ́ mi sì ni láti wá ibi tí nǹkan ti dín. Ṣùgbọ́n inú yàrá tó ń rùn fún òrí yẹn ni mo ti kọ́ láti bẹ̀rù àpò tó pé jù pẹ̀lú, kí n sì béèrè ẹni tó wà nínú òkùnkùn lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀, tó di aṣọ ẹlòmíràn mú, tí a kò tíì bù fún.