Òòfà Tí Mo Sun Di Pupa

Nígbà tí òmìnira ṣì ku ọdún díẹ̀, èmi ni mísì tó ń kọ́ àwọn ọmọbìnrin ní sáyẹ́ǹsì ní ilé-ìwé kan ní Ìkẹ́rẹ́. Mánéjà ilé-ìwé fẹ́ gba wákàtí náà kí wọ́n máa fi kọ́ aṣọ rírán. Mo ní kó fún mi láyè, pé màá fi irin àti ìpẹtà ara irin tó dógùn-ún ṣe òòfà lójú rẹ̀. Ẹnu ara mi ló kó bá mi.

Ìyá mi a máa fi eérú èèpo kòkó se ọṣẹ dúdú. Mo bù nínú omi eérú tó ń kán láti inú àjẹ̀rẹ̀ rẹ̀. Mo ti rẹ ẹrúnrún irin àti ìpẹtà sínú ásíìdì. Mo gbé e kaná, mo ń da omi eérú sí i díẹ̀díẹ̀ títí ẹrẹ̀ dúdú fi silẹ̀. Mo fọ̀ ọ́ dáadáa, mo sá a gbẹ. Bí mo ṣe mú òòfà ilé-ìwé sún mọ́ ọn, lẹ́búlẹ́bú náà fò mọ́ ọn. Ńṣe ni mo ń dá rẹ́rìn-ín.

Ibẹ̀ ló yẹ kí n dúró sí. Rárá o, mo fẹ́ ohun líle tí mánéjà á gbé lọ́wọ́. Mo po gbogbo rẹ̀, mo tẹ̀ ẹ́ pẹlẹbẹ, mo fi í sáàárín ìkòkò tí àwọn amọ̀kòkò àdúgbò wa ń sun ní gbangba. Ó jáde ní pupa fòò. Lọ́dọ̀ wa, ìkòkò tó bá pupa ló jiná, mo bá gbà pé tèmi náà ti jiná. N kò tilẹ̀ dán an wò. N kò mọ̀ pé iná àti afẹ́fẹ́ ti sọ ọ́ di ìpẹtà padà, tí òòfà kì í fà.

Nígbà tí ọjọ́ pé, ìyá mi wọ aṣọ ṣọ́ọ̀ṣì wá wò mí. Níwájú mánéjà àti gbogbo kíláàsì, mo mú òòfà ilé-ìwé sún mọ́ ohun pupa náà. Kò mira. Mo yí i padà, kò mira. Ìyá mi, tí kò mọ̀ pé ó ti bàjẹ́, pàtẹ́wọ́, ó sì kúnlẹ̀ fún mánéjà.

“Ẹ ṣeun o, ọ̀gá. Uṣẹ́ ọmọ mi rèé!”

Àwọn ọmọ bú sẹ́rìn-ín. Ojú tì mí fún ara mi, ó sì tì mí jù bẹ́ẹ̀ lọ fún eékún ìyá mi nílẹ̀.

Lọ́jọ́ Ajé tó tẹ̀lé e, ní wákàtí tó jẹ́ ti sáyẹ́ǹsì tẹ́lẹ̀, ọmọbìnrin kan bi mí pé, “Mísì, ṣé a ò ní ṣe òòfà mọ́ ni?”

Mo ní kó kọ́kọ́ fi òwú bọ ojú abẹ́rẹ́ rẹ̀.