Orúkọ Tí Mo Ṣì Kà Fún Màmá

Ẹ̀rín obìnrin kan ló dá mi dúró ní ibùdókọ̀ kẹ̀kẹ́ ní Ìkọ̀tún lọ́sẹ̀ tó kọjá. Ọ̀rẹ́ rẹ̀ sọ àwàdà kan, ó kọ́kọ́ dákẹ́ bí ẹni tí kò gbọ́, ó wá bú sẹ́rìn-ín lẹ́ẹ̀kan náà, gbogbo àwa tá a wà lórí ìlà sì ń bá a rẹ́rìn-ín láìmọ ohun tí wọ́n sọ. Kẹ̀kẹ́ tó yẹ kí n wọ̀ ti lọ, mi ò sì mọ̀. Ọkàn mi ti padà sí Ìdímù, sí ọ̀dẹ̀dẹ̀ ilé tí Màmá, ìyá tó bí bàbá mi, ti tọ́ mi dàgbà.

Ẹ̀yin ọmọ ìwòyí lè má mọ irú ilé bẹ́ẹ̀ mọ́. Yàrá mẹ́wàá kọjú síra wọn, ẹni tó bá sín ní yàrá àkọ́kọ́, ẹni tó wà ní ti ìkẹyìn á ní "pẹ̀lẹ́ o." Ayé ìgbà náà ni ẹni tó bá ra fóònù máa ń so ó mọ́ ọrùn bí ìlẹ̀kẹ̀.

Mo wà ní JSS 2 nígbà tí Màmá ra ìwé kan ṣoṣo tó rà láyé rẹ̀, lọ́wọ́ ọkùnrin tó ń tẹ́ ìwé sílẹ̀ lẹ́bàá ọjà Ìkọ̀tún. Màmá kò mọ̀wé kà o. Àwòrán iwájú ìwé ló rí: òṣèré aláwàdà kan tí gbogbo wa ń wò lórí tẹlifíṣọ̀n ló kọ ìtàn ìgbésí ayé ara rẹ̀. Nígbà tá a délé, Màmá ti ilẹ̀kùn, ó sọ ohun tí ẹnikẹ́ni nínú ilé kò mọ̀ fún mi. Kó tó fẹ́ bàbá àgbà, ọdún méjì ló fi tẹ̀ lé ọkùnrin yẹn àti ẹgbẹ́ aláré rẹ̀ kiri. Òun ló ń gba tíkẹ́ẹ̀tì lẹ́nu ọ̀nà. Tí eré bá bẹ̀rẹ̀, á lọ jókòó lẹ́yìn àwọn òǹwòran. Ọkùnrin náà á wá bi í lọ́jọ́ kejì pé níbo ni àwàdà òun ti já bọ́, Màmá ló sì kọ́ ọ pé kó má máa kánjú: "Tó o bá sọ̀rọ̀ tán, dákẹ́. Jẹ́ kó wọ̀ wọ́n lára." Àwọn àna Màmá ní iṣẹ́ aláré kì í ṣe iṣẹ́ ìyàwó ilé, ló bá fi iṣẹ́ náà sílẹ̀, kò sì sọ̀rọ̀ rẹ̀ mọ́.

"Wá a wò fún mi," ló wí. "Bóyá ó rántí èmi Ràfíátù."

Bó ṣe di pé mo ń kàwé fún un lójoojúmọ́ tí mo bá ti ilé ìwé dé nìyẹn. Ẹ gbọ́, ìyanu ni ìwé náà jẹ́ fún mi. Ọkùnrin yìí sọ bí bàbá òun ṣe fi òun sẹ́nu iṣẹ́ télọ̀, tí òun rán ṣòkòtò tí ẹsẹ̀ kan gùn ju èkejì lọ, tí òun sì sọ fún oníbàárà pé kó máa rìn létí kòtò, yóò bára mu. Mo máa ń wo bébà náà, inú rẹ̀ ò ju lẹ́tà dúdú lọ, síbẹ̀ ó ń mú Màmá di ikùn mú. Mi ò mọ̀ pé ìwé lè ṣe bẹ́ẹ̀ fún èèyàn.

Ìyọnu kan ló wà níbẹ̀. Àwọn tó tẹ ìwé náà kò fi àmì kankan sí i, kò sí ti òkè, kò sí ti ìsàlẹ̀, mo kàn ń fojú dá a ni. Lọ́jọ́ kan mo kà á pé ọkùnrin náà wọ ọkọ́ lọ sí Kánò. Màmá ní ṣé kò há a lẹ́sẹ̀.

A wá dé ibi tí obìnrin kan ti fi àpò ìdọ̀họ rán erin fún eré kan. Ẹni tó wà níwájú erin àti ẹni tó wà nídìí rẹ̀ bára wọn jà kí wọ́n tó jáde, ni iwájú erin bá ń kí ọba, ìdí erin ti ń lọ sílé. A rẹ́rìn-ín títí. Ìlà tó tẹ̀ lé e ni: "Iya Elerin lo ko mi pe ti mo ba soro tan, ki n dake."

Mo kà á sókè: Ìyá Elérin.

Ọwọ́ Màmá dúró lórí ẹ̀wà tó ń ṣà. "Ìyá kí ni?"

"Ìyá Elérin, Màmá."

"Obìnrin tó rán erin yẹn? Háà. Ó gbé ọ̀rọ̀ tèmi fún un."

Mo kà á dé ìparí, Ràfíátù kò sí níbì kankan. "Pa á dé jàre," ló wí. Ó fi gèlè wé ìwé náà, ó tì í sí ìsàlẹ̀ àpótí. Inú mi bàjẹ́ gan-an, mo sì kórìíra ọkùnrin náà. Tó bá ti yọ lórí tẹlifíṣọ̀n, mo máa ń dìde.

Ó tó oṣù mẹ́ta kí àbúrò Màmá tó wá kí wa láti Ògbómọ̀ṣọ́. Ó ń sọ bí ewúrẹ́ ṣe jẹ ìwé àdéhùn ilẹ̀ bàbá kan, Màmá sì gbàgbé ara rẹ̀. Ó dákẹ́ díẹ̀, ó bú sẹ́rìn-ín. Àbúrò rẹ̀ pàtẹ́wọ́: "Ẹlẹ́rìn-ín! Ẹ̀gbọ́n mi, ṣé ẹ ṣì rántí pé bẹ́ẹ̀ làwọn aláré yẹn ń pè yín?"

Mo sáré sídìí àpótí, mo fa ìwé náà yọ. Elerin. Ẹlẹ́rìn-ín. "Ìyá" tó wà níwájú rẹ̀, ọ̀wọ̀ ni ọkùnrin náà fi bù fún un, nítorí ó mọ̀ pé Màmá náà á ti dàgbà.

Mo kúnlẹ̀. "Màmá, ẹ jọ̀ọ́, èmi ni mo ṣì í kà. Ẹ̀yin ni."

"Tún un kà."

Mo kà á lẹ́ẹ̀mẹta. Ó fi ìka lé orí ọ̀rọ̀ náà, ó dákẹ́. Àbúrò rẹ̀ fẹ́ sọ̀rọ̀, Màmá gbọ́wọ́ sókè sí i. Ó dákẹ́ títí ẹ̀rù fi ń bà mí. Lẹ́yìn náà ló bú sẹ́rìn-ín, tòun tomijé, tí ilẹ̀kùn yàrá fi ń ṣí lọ́kọ̀ọ̀kan ní gbogbo ọ̀dẹ̀dẹ̀.

"Mú bírò," ló wí, "fi àmì sí i, kí ẹlòmíì má tún sọ mí di erin."

Ilé náà ti di alájà mẹ́ta báyìí. Màmá ti lọ, ọkùnrin aláwàdà náà ti lọ. Àwọn ọmọ mi máa ń fi mí ṣe yẹ̀yẹ́ pé mò ń fi àmì sí ọ̀rọ̀ lórí fóònù. "Mọ́mì, ó ti yé wa jàre." Mo ní ó dáa. Ìwé náà wà lọ́wọ́ mi, pẹ̀lú àmì bírò búlúù tí ọwọ́ ọmọdé fà wọ́gọwọ̀gọ. Tí mo bá ti ka ìlà yẹn tán, mi ò kì í kánjú ṣí ojú ìwé tó kàn. Mo máa ń dákẹ́, kí n dúró de ẹ̀rín Màmá.